Jàganyìn Oko Ìyá Mi

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mo fi ń jẹun, àwọn ọmọ tí a jọ ń ṣe é sì máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo lọ́ra. Kí n tó pàṣẹ fún ohunkóhun nínú ètò tí mo ń kọ, mo máa kọ́kọ́ bi í pé: irú nǹkan wo ni ọ́? Ọ̀kan lè jẹ́ ọ̀rọ̀, ọ̀kan lè jẹ́ nọ́ńbà, ọ̀kan lè jẹ́ ọjọ́, kí wọ́n sì jọra lójú bí ìbejì. Lẹ́yìn náà ni mo máa bi í pé: iṣẹ́ wo lo mọ̀ ọ́n ṣe? Yóò sì to gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún mi. Àwọn ọmọ wọ̀nyí kì í béèrè. Wọ́n á ní kí ọjọ́ lọ ṣe iṣẹ́ ọ̀rọ̀, gbogbo ètò á dàrú, wọ́n á wá máa wá mi kiri. Oko ọsàn ni mo ti kọ́ ìbéèrè méjèèjì, ní Fìdítì, ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé parí.

Ìyá tó tọ́ mi kọ́ ló bí mi. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni. Kò bímọ, wọ́n sì fà mí lé e lọ́wọ́ kí n tó mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Òun ni mò ń pè ní Ìyá. Òun àti ọkọ rẹ̀ ló gbin oko ọsàn sí ọ̀nà Ìlọrà, lórí ilẹ̀ ẹbí ọkọ. Nígbà tí ọkọ kú, igi ló dá Ìyá dúró síbẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó gbin igi ló ni igi. Níwọ̀n ìgbà tí igi bá ṣì ń so, ẹnikẹ́ni kì í lé onígi. Bí igi bá kú, ilẹ̀ ti padà sọ́wọ́ onílẹ̀ nìyẹn.

Lọ́dún kan, iná ọyẹ́ jó oko náà. Òjò rọ̀, gbogbo ìdí igi sì rú padà, ewé wọn tutù yọ̀yọ̀. Ìyá gbé iṣu lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láti dúpẹ́, a sì jó dé iwájú. Odidi ọdún kan la fi ro ìdí àwọn igi yẹn bí ẹni ń tọ́jú ọmọ tuntun.

Àbúrò ọkọ Ìyá ló wá já ewé kan níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó rún un, ó gbóòórùn rẹ̀.

“Ìyàwó wa,” ó ní, “wo ewé kékeré tó wà nísàlẹ̀ ewé ńlá yìí, bó ṣe fẹ̀. Jàganyìn ni.”

Ọsàn dídùn tí àwọn èrò ọkọ̀ ń rà ní Fìdítì, orí ìdí jàganyìn, ọsàn kíkan tó tún korò, ni wọ́n máa ń lẹ ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ mọ́. Iná ti jó ọsàn dídùn lókè. Ìdí ló hù. Jàganyìn la ń jó fún ní ṣọ́ọ̀ṣì.

“Ọsàn tí kò ṣeé mu, mi ò lè kà á kún igi,” ọkùnrin náà ní. “Ẹ̀gbọ́n mi ti lọ, o ò bímọ fún un, igi tó fi sílẹ̀ náà ti lọ. Bí òjò bá tún bẹ̀rẹ̀, màá gbin ẹ̀gẹ́ síbẹ̀.”

“Mo ti gbọ́, ọkọ mi,” ni Ìyá wí lórí ìkúnlẹ̀. Inú bí mi débi pé òkò ló kàn tí n bá sọ. Bóyá ni mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn délẹ̀délẹ̀ títí ó fi kú.

Ìyá dá ọ̀gá ágíríìkì tó máa ń gun alùpùpù kọjá dúró. Mo rò pé yóò bẹ̀ ẹ́ kó sọ pé kì í ṣe jàganyìn. Ohun tó sọ ni pé, “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, mo ti mọ ohun tó jẹ́. Ohun tó lè ṣe ni mo fẹ́ mọ̀.”

Ọ̀gá sọ̀ kalẹ̀, ó yí igi kan po. “Kò ní dùn láé, ẹ má retí ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀dá kì í tètè pa á, gbòǹgbò rẹ̀ le. Iṣẹ́ tó sì mọ̀ jù ni kó gbé ọmọ ọlọ́mọ.”

Ìyá gbé ọwọ́ lé mi léjìká. “Ẹ kọ́ wa,” ó ní.

A bẹ́ ojú ẹ̀ka lára ọsàn dídùn aládùúgbò, a la èèpo jàganyìn, a tẹ ojú ẹ̀ka náà bọ inú rẹ̀, a fi okùn ìko dì í. Ewúrẹ́ jẹ òmíràn, òmíràn kàn gbẹ dànù, ṣùgbọ́n àwọn yòókù hù. Nígbà tí òjò dé, àbúrò ọkọ Ìyá gbé igi ẹ̀gẹ́ dé, ó rí ewé tuntun, ó ní òun á dúró wo ohun tí yóò so. Ọdún mélòó kan la fi gbé pẹ̀lú ìbẹ̀rù yẹn.

Nígbà tí ó so, Ìyá ránṣẹ́ pè é. Ó bó ọsàn, ó bẹ́ ẹ lórí, ó fún un. Ọkùnrin náà mu ún títí ó fi ku èèpo.

“Ṣé orí ìdí jàganyìn yẹn náà nìyí?”

“Òun náà ni, ọkọ mi. Kò bí i o. Òun ló gbé e.”

Ìyá bó òmíràn, ó nà án sí mi. “Gbà, ọmọ mi.”

Ọkùnrin náà wo ọsàn, ó wò mí, kò sì dárúkọ ẹ̀gẹ́ mọ́ láé. Mo mu ọsàn tèmi tán, ṣùgbọ́n ẹkún ni mo ń sun, mi ò mọ̀ títí dòní bóyá ó dùn.