Ta Ló Ní Kí Wọ́n Tún Ẹsẹ̀ Ọmọbìnrin Náà Ṣe?

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní abúlé wa lẹ́yìn Iléṣà, iṣẹ́ kan ṣoṣo ló wà tí gbogbo ilé gbà pé mo mọ̀ ọ́n ṣe ju ẹnikẹ́ni lọ: iṣẹ́ yíyí kòkó. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tó jẹ́ pé inú ọ̀rá lẹ ti ń bá kòkó pàdé, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí fún yín. Bí wọ́n bá ti fọ́ kòkó tán, wọ́n á fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún ọjọ́ mélòó kan, lẹ́yìn náà wọ́n á sá a sórí ẹní nínú oòrùn. Kò gbọdọ̀ dúró sójú kan, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á bàjẹ́. Ẹni tó ń yí i á bọ́ bàtà, á máa wọ́ ẹsẹ̀ gba àárín rẹ̀ kọjá, ẹsẹ̀ á sì máa la poro gbọọrọ sáàárín kòkó. Àwọn ẹlòmíràn ní láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọ́ ẹsẹ̀. Èmi ò kọ́ ọ. Àìsàn ti mú ẹsẹ̀ òsì mi láti ọmọ ọdún mẹ́ta, mo sì ń tiro títí di òní.

Mi ò lè ru apẹ̀rẹ̀, mi ò lè bá ẹgbẹ́ mi sáré lọ sódò. Àwọn ọmọ abúlé ní orin kan tí wọ́n fi ń bú mi, mi ò ní kọ ọ́ síbí, torí àwọn kan nínú wọn ti di bàbá ìjọ báyìí. Ìgbà tí wọ́n bá ń fọ́ kòkó ni mo máa ń níyì. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń ṣe tíṣà ní Iléṣà ló mú ìwé ìtàn kan wá fún mi, ìwé ńlá tí èèpo rẹ̀ pupa. Bí àwọn àgbà bá ti jókòó yí òkìtì kòkó ká tàwọn ti àdá lọ́wọ́, èmi ni mo máa ń kà á sí wọn létí. Níbi tí èdè ìwé bá ti le jù fún bàbá mi, màá yí i sí ẹnu Ìjẹ̀ṣà.

Ẹ gbọ́ ìtàn náà, kí ẹ lè mọ ohun tí mò ń jà fún. Ìjì kan gbé gbogbo ará ìlú kan lọ sí ilẹ̀ eruku, níbi tí atẹ́gùn ti ń pa ojú ẹsẹ̀ rẹ́ kí èèyàn tó gbé èkejì. Akọni mẹ́fà lọ wá wọn, kò sí ẹni tó padà. Ẹni keje ni ọmọbìnrin kan tó ń tiro, tí wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ ní ẹnubodè nígbà tó ń lọ. Ó kọjá láàárín àwọn òkè tó ń rìn, ó bá ẹja abìyẹ́ jà, ó sì rí àwọn èèyàn rẹ̀. Báwo ni wọ́n ṣe wálé? Ẹsẹ̀ tó ń wọ́ nílẹ̀ yẹn ni! Atẹ́gùn lè pa ojú ẹsẹ̀ rẹ́, kò lè pa poro jíjìn tó ti là sínú eruku láti ẹnubodè títí dé ibẹ̀. Òun ni gbogbo ìlú tọ̀ padà sílé.

Ọjọ́ tí mo ka ibẹ̀ yẹn, àdá dúró lọ́wọ́ gbogbo wọn. Bàbá mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó wo ẹsẹ̀ mi, ó wo kòkó tí mo ti yí láàárọ̀, ó ní, "Tún ibẹ̀ yẹn kà." Mo tún un kà. Ó ní kí n tún un kà lẹ́ẹ̀kan sí i. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti fi aṣọ bo ẹsẹ̀ mi mọ́ níwájú ẹnikẹ́ni.

Òṣogbo ni mò ń gbé báyìí, lọ́dọ̀ ọmọ mi ní Òkè-Baálẹ̀. Ní èṣí, ọ̀kadà gbá ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́wàá, níwájú ilé wa. Egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ so padà, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ méjèèjì ò gùn dọ́gba mọ́. Ó kọ̀, kò lọ síléèwé mọ́. Ikán ti jẹ ìwé mi tipẹ́, wọn ò sì tẹ̀ ẹ́ mọ́, nítorí náà ẹnu ni mo fi ń sọ ìtàn náà fún un lórí ibùsùn. Nígbà tí a wá gbọ́ pé wọ́n ti fi ìwé náà ṣe fíìmù, díẹ̀ ló kù kí n jó. Mo ṣèlérí fún un pé, "Ojú ara rẹ ni wàá fi rí i, akọni tó ń rìn bíi tìrẹ." Ìlérí yẹn ló gbé e padà síléèwé. Ó ti ròyìn rẹ̀ fún gbogbo kíláàsì rẹ̀ tán ká tó lọ wò ó ní sinimá, lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde.

Mi ò ní purọ́ mọ́ àwọn tó ṣe fíìmù náà. Àwọn òkè tó ń rìn yẹn, wọ́n ṣe é dáadáa, ara mi bù máṣọ. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin yẹn ńkọ́? Ẹsẹ̀ gbọọrọ méjì, ó ń sáré bí ẹtu! Mo ní bóyá yóò fara pa tó bá yá. Kò fara pa. Nígbà tó kan ibi tí wọ́n á ti wálé, ẹyẹ wúrà kan já wálẹ̀ láti ojú ọ̀run, ó ń tàn yòò, ó sì ń ṣíwájú wọn lọ. Ẹyẹ! Ta ló ránṣẹ́ pe ẹyẹ? Gbogbo èèyàn ń pàtẹ́wọ́. Ọmọ-ọmọ mi ò pàtẹ́wọ́. Ó fẹnu sí mi létí, ó ní, "Màmá àgbà, ṣé irọ́ lẹ pa fún mi ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọnú eegun. Nígbà tí ọkùnrin tó ṣe fíìmù náà jáde wá gba ìbéèrè, mo dìde, torí àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo bi í pé ẹsẹ̀ ọmọbìnrin yẹn dà.

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Màmá, a bọ̀wọ̀ fún ìwé náà gan-an. Ṣùgbọ́n àwọn òǹwòran ò ní fẹ́ kí akọni máa tiro fún odindi wákàtí méjì, mà."

"Èmi náà òǹwòran ni," mo fèsì. "Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún tí mo ti ń tiro, kò tíì sú mi. Ìwọ ni wákàtí méjì péré wá sú?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n má bínú. Mo ní mo bínú, mo sì ń bínú títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Ọmọ mi ní fíìmù lásán ni. Lásán kọ́ o! Ọmọ Ọwá ọmọ Ẹkùn ni mí, ẹnikẹ́ni ò lè sọ fún mi pé ohun tí mo kà fún bàbá mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta kò sí nínú ìwé. Ayé ti yí, mo gbà. Láyé ìgbà èwe mi, wọ́n ń fi wá kọrin lójú wa, ṣùgbọ́n a wà nínú ìtàn. Lóde òní, gbogbo èèyàn ló mọ ọ̀rọ̀ rere sọ fún wa, wọ́n wá ń rọra yọ wá kúrò nínú ìtàn náà.

Nígbà tó di Sátidé, mo mú ọmọ-ọmọ mi wọ mọ́tò lọ sí abúlé. Ẹní ti lọ, orí tapólì ni wọ́n ń sá kòkó sí báyìí. Mo ní kó bọ́ bàtà, mo bọ́ tèmi, a sì jọ gba àárín kòkó náà kọjá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo ní kó wẹ̀yìn wò. Poro méjì ló wà níbẹ̀, tèmi àti tirẹ̀, wọ́n jìn dáadáa. Ó dúró wò wọ́n títí. Lẹ́yìn náà, ó yí padà, ó ki ẹsẹ̀ bọ inú poro tirẹ̀, ó tọ̀ ọ́ padà títí dé ibi tí a ti gbéra.

Ẹ bá mi sọ fún ọkùnrin tó ṣe fíìmù náà pé kó mú ẹyẹ wúrà rẹ̀ wá sórí kòkó wa, ká wo poro tí yóò là.