Àyè Mẹ́ta Níwájú Píkọ́ọ̀pù

Láàárọ̀ àná, ọmọ mi ọkùnrin wa píkọ́ọ̀pù tuntun wọ àgbàlá wa ní àdúgbò Kalikak, ó fọn fèrè lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí gbogbo àdúgbò lè gbọ́. Iṣẹ́ ọ́fíìsì ló ń ṣe. Kò ní ẹrù kankan tó ń kó ju báàgì ọwọ́ rẹ̀ lọ. Mo bi í pé kí ló fẹ́ máa fi ẹ̀yìn ọkọ̀ ńlá báyìí ṣe. Ó rẹ́rìn-ín. "Màmá, òun ni gbogbo èèyàn ń rà báyìí. Ó ga, ẹrẹ̀ ò lè mú un, àwọn onítáksí náà á sì máa bẹ̀rù mi." Ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ọkọ̀ náà hàn mí, ó sì tì í padà. Ìró irin yẹn, gbàgà, ni mo gbọ́ tí mo fi rántí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ọkọ̀ mìíràn.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ máa ń bèèrè bí àwa ọmọ Yorùbá ṣe ṣe kékeré ní ìlú elédè Faransé yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ti píkọ́ọ̀pù bàbá mi fún yín.

Ìkòkò irin àti abọ́ tánganran ni bàbá mi ń tà ní ọjà Mont-Bouët. Nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń ra mọ́tò kéékèèké, tí wọ́n ń fi aṣọ funfun nù ún ní gbogbo Jímọ̀ọ̀, píkọ́ọ̀pù àlòkù kan ni òun rà. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí. "Alájì, ṣé oko lẹ fẹ́ máa lọ ni?" Ó dá wọn lóhùn pé ọ̀lẹ ni ọkọ̀ tí kò lè gbé ju èèyàn lọ. Tirẹ̀ a máa kó ìkòkò lọ sọ́jà, a máa gbé wa lọ sílé ẹ̀kọ́, a máa gbé wa lọ sí yídì lọ́jọ́ ọdún, a sì máa gun òkè Akébé nígbà tí òjò bá ti sọ ilẹ̀ pupa ibẹ̀ di ọṣẹ. Kò sí irọ́ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ohun tí kò sọ ni pé èèyàn mẹ́ta péré ni iwájú rẹ̀ gbà, àwa mẹ́rin la sì wà nílé.

Ẹni kẹrin ni Sikirat, àbúrò mi, ọmọ ìyàwó kejì bàbá mi. Ìyá rẹ̀ ti bínú padà sí Ìsẹ́yìn, ó fi í sílẹ̀ sọ́dọ̀ wa. Màmá mi kì í nà án. Kì í sì í pe orúkọ rẹ̀. Láràárọ̀, màmá mi á wọ iwájú, á fà mí mọ́ra, á sì ti ilẹ̀kùn. "Ẹ̀yìn fẹ̀," ni gbogbo ohun tí yóò wí. Sikirat á gun ẹ̀yìn lọ sáàárín àwọn ìkòkò.

Gíláàsì kan wà lẹ́yìn orí wa. Nígbà òjò, mo máa ń yíjú wo Sikirat. Báàgì ìwé rẹ̀ ló máa ń fi ọ̀rá bò, kì í ṣe orí rẹ̀. Màá yọ ahọ́n sí i. Inú mi a máa dùn pé ibi tí mo jókòó gbẹ. Tí a bá dé ilé ẹ̀kọ́, àwọn ọmọ á pariwo ní Faransé pé ọjà ti dé, ọjà ti dé, èmi náà á sì bá wọn rẹ́rìn-ín. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà, òun jẹ́ mẹ́jọ.

Lọ́jọ́ kan, ibà dá màmá mi dùbúlẹ̀. Àyè ṣófo níwájú. Bàbá mi pe Sikirat: "Ọmọ mi, wá síwájú, òjò ń bọ̀." Mo rí bí ojú rẹ̀ ṣe túraká. Ó ti gbé ẹsẹ̀ kan wọlé nígbà tí mo sọ fún bàbá mi pé, "Pàpá, ó sọ fún mi lánàá pé òórùn epo iwájú yìí máa ń mú kí èébì gbé òun. Ẹ̀yìn ló wù ú."

Kò sọ bẹ́ẹ̀ rí.

"Ṣé bẹ́ẹ̀ ni, Sikira?"

Ó wò mí. Mo gbé báàgì mi lé àyè tó ṣófo náà. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Pàpá," ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ jáde, ó lọ sẹ́yìn.

Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Akébé, a já sínú kòtò kan tí omi bò. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn já ṣí. A gbọ́ bí àwọn ìkòkò ṣe ń dà sílẹ̀, bàbá mi sì kígbe "Ọjà mi! Ọjà mi!" kó tó rántí ọmọ. Nínú ẹrẹ̀ la ti bá a, apá òsì rẹ̀ ká sábẹ́ rẹ̀, ìkòkò ńlá kan wà lórí rẹ̀. Kò sunkún.

Wọ́n to egungun náà, kò tò dáadáa. Apá yẹn kò nà mọ́ títí dòní. Bàbá mi ń wí fún gbogbo ẹni tó bá wá kí wa pé òun pè é síwájú, ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló kọ̀. Á wá nawọ́ sí mi: "Ẹ bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ léèrè. Ìyẹn kì í parọ́." Èmi á sì mi orí. Kò pẹ́ tí ìyá Sikirat fi ránṣẹ́ wá mú un. Màmá mi ló bá a di ẹrù, kíákíá.

Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún kí n tó tún rí i, ní Ìsẹ́yìn, níbi àdúrà ọjọ́ mẹ́jọ ikú bàbá wa. Ó ń ká aṣọ, ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló ń lò, ó fi eyín di etí aṣọ kejì mú. Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Mo ní, "Sikira, ọjọ́ yẹn, èmi ni mo..."

Ó mú aṣọ kúrò lẹ́nu. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dìde. Ṣé ẹ fẹ́ sọ ọ́ kí ara lè fúyẹ́ yín ni? Ẹ má sọ ọ́. Ẹ máa gbé e lọ."

Ó sì ń ká aṣọ rẹ̀ lọ.

Wọ́n ti da ọ̀dà sí ọ̀nà Akébé báyìí. Èèyàn márùn-ún ni inú píkọ́ọ̀pù òde òní ń gbà, òjò kì í pa ọmọ kankan nílé mi. Bàbá mi kú pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé ọmọ òun tó ń sọ òtítọ́ ni mí. Bí ìjà bá ṣẹlẹ̀ nínú ẹbí, èmi ni wọ́n máa ń pè wá parí rẹ̀, wọ́n ní mi ò mọ irọ́ pa.

Gbogbo ọdún iléyá ni Sikirat máa ń fi fóònù kí mi, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Bí mo bá ti fẹ́ fẹnu ba ọ̀rọ̀ náà, á ní, "Ẹ kú ọdún, ẹ̀gbọ́n mi," á sì pa fóònù.