Iná Kékeré Ara Géèmù Àmánà

Ọdún tí wọ́n gbé tiransifọ́mà tuntun wá sí àdúgbò wa ní Mowe, tí iná wá ń ṣe odindi ọjọ́ méjì láìlọ, ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. N kò mọ iye tí ìwé pe ọdún náà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé tẹlifóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọwọ́ àwa mẹ̀kúnnù ni, ẹni tó bá sì ní in a máa pariwo sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà kí gbogbo ayé lè gbọ́.

Tọkọtaya kan tó kó wá láti Èkó ló ń gbé ilé tó kángun sí tiwa. Ọkọ a ti lọ síbi iṣẹ́ kí n tó parí ìrun àsùbáà. Bó bá sì dé, géèmù ni. Àgbàlagbà ọkùnrin, a jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, a máa fẹnu fẹ́ atẹ́gùn sínú kásẹ́ẹ̀tì géèmù bí ẹni tí igi tútù ń dààmú nídìí àdògán. Géèmù ọ̀hún ti gbó. Àtìgbà tó ti wà nílé ìwé ló ti ní in.

Nígbà tí wọ́n ń lọ sìnkú ìyá ọkọ, wọ́n gbé e wá fún mi nínú àpò ọ̀rá. Ìyàwó kúnlẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tọ́jú ẹ̀. Ọkọ mi ní bí olè fẹ́ tẹlifíṣọ̀n, kó máa gbé e lọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Àmánà ni. Ẹ fọkàn balẹ̀."

Lọ́jọ́ kẹta, òjò rọ̀, páànù mi jò, orí àpò ọ̀rá náà gan-an ló sì jò sí. Mo nù ún, mo sá a sóòrùn, mo fi wáyà rẹ̀ sí sọ́kẹ́ẹ̀tì kí n wò ó bóyá ó ṣì yè. Kò tan iná. Ẹ gbọ́ ọgbọ́n tí mo gbọ́n nígbà náà o: áyọ́ọ̀nù mi, bó bá ti ń gbóná, ojú pupa kan a là lára rẹ̀. Rédíò mi náà ní tirẹ̀. Mo rí ojú yẹn lára géèmù, ṣùgbọ́n ó dijú pa. Lójú tèmi, ohun tí iná rẹ̀ bá ti kú, òun náà ti kú nìyẹn. Mo ti pa ohun olóhun.

N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo gun ọ̀kadà lọ sí Ibafo, sọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ń tún rédíò ṣe.

Ó ní, "Màmá, ẹ̀yin náà ń gbá géèmù?"

"Ṣé mo jọ ọ́ ni? Iná ẹ̀ ló kú, bá mi jí i."

"Ṣé iná ara ẹ̀ nìkan?"

"Kí ló tún kù lẹ́yìn iná?"

Ó ṣáà rẹ́rìn-ín. Ó tú u, ó fi irin gbígbóná yọ́ òjé ara rẹ̀, ó yọ iná kan tí kò ju hóró ẹ̀wà lọ, ó fi òmíràn sí i. Bó ṣe tẹ bọ́tìnnì, ojú kan là, aláwọ̀ ewé. Mo gbé e sáyà wálé bí ọmọ tuntun.

Nígbà tí wọ́n dé, èmi fúnra mi ni mo tàn án kí wọ́n lè rí i pé ó yè. Ojú ìyàwó yí padà.

"Màmá, èyí kọ́. Tiwa ò tan iná. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí iná ẹ̀ ti kú."

"Iná ẹ̀ kú, ẹ sì ń gbá a?"

"À ń gbá a, Màmá. Iná yẹn ò ṣe nǹkan kan."

Orí mi dàrú. Òkú ni wọ́n fún mi, alààyè ni mo dá padà, wọ́n sì ń wò mí bí olè. Bí mo ṣe ń sọ ti òjò, tí mo ń sọ ti Ibafo, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ń dà bí irọ́ létí èmi alára. Ìyàwó ní kí ló dé tí n kò fi sọ ọ́ kí n tó gbé e jáde fún wọn. Ọwọ́ mi ni gbogbo àdúgbò ń fi kọ́kọ́rọ́ sí. Ẹni tó bá sì jalè lẹ́ẹ̀kan, bó dàrán bora, aṣọ olè ló dà bora. Èmi tí n kò jí nǹkan kan ni wọ́n fẹ́ da aṣọ olè bò yìí.

Ọkọ fẹ́ atẹ́gùn sí kásẹ́ẹ̀tì, ó tì í bọ̀ ọ́. Tẹlifíṣọ̀n dúdú kirimú. Ó gbá géèmù lábàrá lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì lẹ́ẹ̀mejì, ó rọra gbá a lórí lẹ́ẹ̀kan. Àwòrán yọ.

"Tiwa ni!" ló pariwo. "Kò sí òmíràn láyé tó ń gba àbàrá mẹ́ta kó tó dìde!"

Ìyàwó kúnlẹ̀ bẹ̀ mí. Mo ní ó ti tán. Nígbà tí wọ́n tún rìnrìn àjò, ó fi kọ́kọ́rọ́ sọ́dọ̀ mi lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ka gbogbo ohun tó wà nílé lójú mi kó tó lọ.

Mo ti darúgbó báyìí, iná tí kì í ṣe nǹkan kan yẹn kò tíì yé mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọbìnrin mi lọ ń ránṣọ ní Ìfọ̀, tí aṣọ oníbàárà ń wà lọ́wọ́ rẹ̀, mo sọ fún òun àti àwọn àbúrò rẹ̀ pé, "Bí ohun olóhun bá bàjẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ gbé e lọ bó ṣe bàjẹ́. Olóhun mọ àléébù ohun rẹ̀. Àtúnṣe yín ni kò mọ̀."