Bí Japheth Ṣe Gba Ìwé Ẹ̀rí Ìtùnú

Ní ọdún 1965, kò sí ẹni tí ó ka ìwé nípa ìbànújẹ́ tó Japheth Olúdayọ̀ ní gbogbo àdúgbò Bẹyẹrúnká. Ó ti ṣe tíṣà fún ọdún mọ́kànlá, ó ti gba dìgírì kan, síbẹ̀ kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan kéde ẹ̀kọ́ ọlọ́dún kan fún àwọn tí ó ti ní dìgírì, èyí tí wọ́n fi ń kọ́ àlùfáà, nọ́ọ̀sì àti olùkọ́ bí a ti í tọ́jú ọkàn ẹni tí ó wà nínú ìpọ́njú, Japheth ni ó kọ́kọ́ kọ lẹ́tà. Ẹni tí kì í dúró gbọ́ èsì bí ó bá kí aládùúgbò rẹ̀ ni ó fẹ́ gba ìwé ẹ̀rí lórí ìtùnú.

Kì í ṣe pé ó jẹ́ ènìyàn búburú. Ká ní ó jẹ́ bẹ́ẹ̀, ìbá sàn, nítorí ènìyàn búburú a máa mọ ìgbà tí ó ń ṣeni léṣe. Ti Japheth ni pé ohun tí a kò bá tẹ̀ sínú ìwé kò tíì ṣẹlẹ̀ lójú rẹ̀. Nígbà tí àbúrò ìyá rẹ̀ obìnrin ṣubú ní àgbàlá, ibi tí ó ti ń wá ojú ewé tí ó sọ nípa ẹ̀rù àwọn arúgbó ni àwọn ará ilé ti gbé ìyá náà wọlé, tí wọ́n sì ti fi omi gbígbóná jó o lẹ́sẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni ó kù kí ó tó gba ìwé ẹ̀rí náà. Ó gbọ́dọ̀ bá ọlọ́fọ̀ kan jókòó lẹ́ẹ̀mẹfà, kí ó kọ gbogbo ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀, kí ọlọ́fọ̀ náà sì fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù pé ara tu òun. Ọjọ́ Ẹtì tí ó gbẹ̀yìn oṣù kọkànlá ni gbèdéke. Bí kò bá rí ìbuwọ́lù yẹn, ọdún kan ti wọgbó, ipò olùdámọ̀ràn tí ìjọ ti fi lọ̀ ọ́ yóò sì bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ní oṣù kẹwàá ni gìrì mú ọmọ ọdún méjì lọ mọ́ Rachel lọ́wọ́, Rachel aya Adégòkè tí ó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Bẹẹrẹ. Japheth gbọ́, ó ní, "Ó mà ṣe o!" Ẹnu rẹ̀ kò tíì pa dé tí ó ti ń wá ìwé àkọsílẹ̀.

Ó bá àwọn obìnrin ìjọ lọ́dọ̀ Rachel. Ọ̀kan ń fọ aṣọ rẹ̀, ọ̀kan gbé ẹ̀kọ gbígbóná sún mọ́ ọn lẹ́nu. Ìyá ọkọ rẹ̀, Màmá Bertha, ń fọwọ́ ra á lẹ́yìn, ó ń wí pé, "Omi ló dànù, agbè kò fọ́."

Japheth wúkọ́. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ìyá, ọ̀rọ̀ yẹn kò bá ẹ̀kọ́ mu. Ẹ jẹ́ kí Ìyáàfin Adégòkè bá ìbànújẹ́ rẹ̀ pàdé."

"Kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá pàdé?" Màmá Bertha wò ó tẹsẹ̀ torí. "Orí ẹní kan náà ni wọ́n jọ ń sùn láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Tíṣà."

Àwọn obìnrin fi etí aṣọ bo ẹnu. Ẹnu Rachel pàápàá mì díẹ̀ bí ẹni tí ẹ̀rín fẹ́ mú. Japheth kọ ọ́ sílẹ̀ pé: ọlọ́fọ̀ ń sá fún ìbànújẹ́.

Ó wá lẹ́ẹ̀marùn-ún. Yóò gbé aago rẹ̀ sí ojú fèrèsé, yóò dákẹ́ gẹ́gẹ́ bí ìwé ti wí, yóò sì bèèrè pé, "Báwo ni ó ṣe rí lára yín?"

"A dúpẹ́, sà," ni Rachel máa ń dáhùn, nítorí ọmọ tí a kọ́ ni. Bí ó bá ti lọ tán ni yóò tó sunkún.

Ìgbà kẹfà ni ó bàjẹ́. Ìwé ní kí ọlọ́fọ̀ lọ sí ibojì kí ó bá òkú sọ̀rọ̀. Ìlú mìíràn ni wọ́n ti kọ ìwé náà. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tí ó bímọ kì í mọ ojú oórì ọmọ rẹ̀; àwọn ará àdúgbò ni í sin ín, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ tọ́ka ibẹ̀ fún un. Japheth mọ èyí bí ó ti mọ orúkọ ara rẹ̀. Nígbà tí àbúrò rẹ̀ kú, ojú rẹ̀ ni wọ́n ṣe ti ìlẹ̀kùn mọ́ bàbá àti ìyá rẹ̀ títí wọ́n fi sin ọmọ náà tán. Ṣùgbọ́n ìwé kò mẹ́nu kàn án, ni òun náà bá gbójú fò ó. Ó wádìí ojú oórì ọmọ Rachel lọ́wọ́ ẹni tí ó gbẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, ó sì sọ fún Rachel pé àdúrà ni àwọn ń lọ gbà.

Ní ẹ̀yìn ilé ṣọ́ọ̀ṣì ní Kúdẹtì, ó nàka sí òkìtì kékeré kan. "Ibẹ̀ nìyẹn. Ẹ bá a sọ̀rọ̀."

Rachel kò ké. Ó kọjú sí ògiri ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì fi ìborùn bo ojú.

Màmá Bertha, tí ara fu tí ó sì ń tẹ̀ lé wọn bọ̀ láti ilé, já wọ ibẹ̀. "Japheth! Ta ni ó fi ojú oórì ọmọ han ìyá rẹ̀ rí? Ilé wo ni wọ́n ti tọ́ ìwọ?"

"Mà, ẹ̀kọ́ náà sọ pé..."

"Kí ẹ̀kọ́ náà wá sọ ọ́ lójú mi! Àwa tí a kò mọ ìwé, a kò ṣe irú èyí sí ewúrẹ́ rí!"

Japheth bẹ̀rẹ̀ sí í rìn síwá sẹ́yìn. Ká má purọ́ mọ́ ọn, kì í ṣe nítorí Rachel. "Ọ̀la ni ọjọ́ Ẹtì," ni ó ń sọ lábẹ́ ẹnu.

"Kí ni ọjọ́ Ẹtì, sà?" Rachel bèèrè láti ẹ̀gbẹ́ ògiri.

Ó rò ó fún un: fọ́ọ̀mù, ìwé ẹ̀rí, ipò. Ibi tí ó ti ń rò ó ni omi ti bọ́ lójú Japheth, omi àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni rí lójú rẹ̀ láti oṣù kẹwàá.

"Ẹ má sunkún mọ́, sà," ni Rachel wí. "Ẹ mú un wá kí n fọwọ́ sí i."

"Rachel!"

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n fọwọ́ sí i. Bí Tíṣà kò bá rí ìwé ẹ̀rí wọn gbà, wọ́n á tún padà wá."

Ó gbé fọ́ọ̀mù lé ara ògiri, ó kọ orúkọ rẹ̀ geere, ó sì nà án sẹ́yìn láìyíjú. Japheth nu ojú, ó yẹ̀ ẹ́ wò láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì dá a padà.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ kò kọ déètì."

Rachel kọ déètì.