Ìrọbí Àdùkẹ́ Lábẹ́ Máṣínì Mi

Ohun tí ọ̀gá tó kọ́ mi ní télọ̀ kìlọ̀ fún mi jù ni pé n kò gbọ́dọ̀ tẹ máṣínì lásán, láìsí aṣọ lórí rẹ̀, torí pé àwọn eyín irin tó ń fa aṣọ lábẹ́ abẹ́rẹ́ á jẹ. Àmọ́ lọ́jọ́ tí Àdùkẹ́ ológbò mi rọbí, àtàárọ̀ ni mo ti ń tẹ̀ ẹ́ lásán.

Onitsha la wà nígbà náà. Ogun Biafra ti parí, a ti padà dé, ọkọ mi ń ta aṣọ ní ọjà Ochanja, èmi ń rán aṣọ nínú yàrá wa nítòsí Iweka Road. Owó epo ti dé, gbogbo ìlú ń kọ́lé, kò sẹ́ni tí kò fẹ́ aṣọ tuntun. Èkúté náà fẹ́. Wọ́n á gé léèsì oníléèsì jẹ mọ́jú, n ó wá máa bẹ oníbàárà bí ẹni tó jalè. Bí ò bá sí ológbò nílé, ilé a dilé èkúté, ológbò ò sì wọ́pọ̀ rárá lẹ́yìn ogun. Ọwọ́ obìnrin ọlọ́kọ̀ ojú omi kan láti ìlú Odekpe ni ọkọ mi ti rí Àdùkẹ́. Nígbà tó rí bí mo ṣe ń kẹ́ ẹ, ó ní, "Ẹja fún Àdùkẹ́, omi ọbẹ̀ fún baálé. Kò burú."

Abẹ́ máṣínì ni Àdùkẹ́ ń sùn sí. Máṣínì ẹlẹ́sẹ̀ ni, ìró rẹ̀ ló sì fi ń sùn. Nígbà tó lóyún, mo kó ìgékù aṣọ tó rọ̀ sínú apẹ̀rẹ̀ fún un, mo ń yọ egungun ẹja kúrò kó tó jẹ ẹ́. Mama Nkechi, aládùúgbò wa tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa, kì í wọlé tó bá ti rí i. Ẹnu ọ̀nà ló ti máa ń wọn aṣọ. Mo rò pé ó kà á sí àjẹ́ ni.

Àdùkẹ́ rọbí títí lọ́jọ́ náà, ọmọ ò wá. Bí mo bá dẹ́sẹ̀ dúró, á dìde, á máa wọ́ra lọ, á máa ké. Bí mo bá tún tẹ máṣínì, á padà dùbúlẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí pé yóò kú. Ibẹ̀ ni Mama Nkechi bá mi, ó wá béèrè búláòsì rẹ̀.

"Mama Sali, wetin you dey sew? I no see cloth."

"Na for the cat. If I stop, she no go gree lie down. Pikin no gree come out."

Ó bọ́ sálúbàtà, ó wọlé. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn.

"Stand up. Go do your prayer. I go match am."

Mo kírun, mo ṣe àdúrà tí a ń ṣe fún aboyún, pé ká gbóhùn ìyá, ká gbóhùn ọmọ. Nígbà tí mo padà dé, Mama Nkechi ń tẹ máṣínì, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

"We get one cat before," ó ní, "for war time. That one get belle too. My pikin dem dey hungry, Mama Sali. Wetin I for do?"

Mo ní "Ndo," bí àwọn Ígbò ṣe ń báni kẹ́dùn, mo gbọ́wọ́ lé e léjìká. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò dúró.

Kò pẹ́ tá a fi gbọ́ ohùn kékeré kan nínú apẹ̀rẹ̀, òmíràn sì tẹ̀ lé e. Àbígbẹ̀yìn ò mira. Mama Nkechi fa ìgékù aṣọ kan yọ, ó ń fi ra á lára, ó ń bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ lédè Ígbò, títí ó fi ké. Ayọ̀ tó wọ̀ mí lára, n kò lè sọ ọ́ tán. Nígbà tí ọkọ mi dé, ó ní, "Ẹ kú ewu ọmọ o! Ṣé ká lọ ra àgbò ìsọmọlórúkọ?"

Eyín máṣínì jẹ lóòótọ́, mo sì pààrọ̀ rẹ̀. N kò kábàámọ̀.

Nígbà tí àwọn ọmọ já lẹ́nu ọmú, Mama Nkechi wá mú àbígbẹ̀yìn. Ó gbé e mọ́ àyà. Ó ti fẹ́ jáde kó tó padà, ó bẹ̀rẹ̀ síwájú Àdùkẹ́, ó fọwọ́ kan orí rẹ̀.

"Ndo," ló wí fún un, ó tún ń bẹ̀ ẹ́. "Biko, ndo."

Nígbà tó lọ, mo jókòó kí n parí búláòsì mìíràn tó ní kí n rán. Mo fẹ́ ki òwú bọ abẹ́rẹ́, àmọ́ omi ojú ò jẹ́ kí n rí ojú abẹ́rẹ́.