Ẹ̀gbẹ́ Ni Bàbá Mi Ti Ń Wo Eré

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni bàbá mi fi fa kọ́tìnnì ìtàgé ní gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan. Ilẹ̀ gbígbá ni wọ́n gbà á fún o, ó sì ń gbá a dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ bi í léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe, yóò ní òun ń fa kọ́tìnnì ni. Bàbá Kọ́tìnnì ni àwọn ọmọ ń pè é.

Lọ́dún kan, ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin ṣeré níwájú àwọn òbí, ni tíṣà tó ń kọ́ wọn bá bímọ ṣáájú ọjọ́ tí dókítà dá fún un. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, obìnrin tó fẹ́ràn ìṣirò ju oúnjẹ lọ, ní ọ̀rọ̀ ti bùṣe: wákàtí eré á di wákàtí ìṣirò, gbọ̀ngàn á sì di ibi tí wọ́n ń kó àga tó ti kán sí. Ìgbálẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ bàbá mi. Bí kò bá séré mọ́, kí ni kọ́tìnnì fẹ́ máa ṣe níbẹ̀? Ni bàbá mi tí kì í dá sí ọ̀rọ̀ àwọn tíṣà bá ní òun á kọ́ àwọn ọmọ náà. Ọ̀gá wò ó látòkè délẹ̀, ó ní bí a kò bá rí àdán, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Bàbá tèmi ni òòbẹ̀ o. Ó kìlọ̀ pé bí àwọn òbí kò bá gbádùn rẹ̀, ìṣirò ló máa gba wákàtí náà.

Ẹ má rò pé bàbá mi ò mọ nǹkan kan. Ó kó àwọn ọmọ méjìlá náà jókòó, ó sì ń fi ìka ka ohun tó ń mú eré jẹ́ eré fún wọn. Kọ́tìnnì ló kọ́kọ́ kà. Ìwà kì í fi oníwà sílẹ̀. Ó ka ìtàn, ìyẹn ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ka òṣèré, ìyẹn ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí. Ó ka ọ̀rọ̀ ẹnu wọn, aṣọ ọrùn wọn àti ẹrù ọwọ́ wọn. Nígbà tó kan ìjà inú eré, ó gbé agboòrùn kan ṣoṣo fún ọmọbìnrin méjì tó ń ṣe tẹ̀gbọ́n-tàbúrò.

“Òjò ń rọ̀,” ó ní. “Ìwọ fẹ́ agboòrùn yìí, ìwọ náà sì fẹ́ ẹ. Bí ẹnì kan nínú yín bá yára fi í sílẹ̀, eré ti tán nìyẹn, ká máa lọ sílé.”

Ó yé wọn kíákíá. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ọmọ tó ń ṣe àbúrò, tí ohùn rẹ̀ kì í jáde ní kíláàsì, ti ń pariwo débi pé àwọn tó ń kọjá ní títì ń yọjú lójú fèrèsé.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta, ìyá mi gbé oúnjẹ ọ̀sán wá fún un, ó sì jókòó sí ìlà iwájú. Àwọn ọmọ ṣeré náà tán pátá. Bàbá mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàgé, okùn lọ́wọ́, ẹ̀rín lẹ́nu. Ó bi ìyá mi bó ṣe rí i. Ìyá mi kì í purọ́ nítorí ọkọ.

“Ó dùn ún gbọ́, Bàbá wọn,” ó ní. “Àmọ́ etí ni mo rí. Ẹ̀yin ni gbogbo wọn kọjú sí.”

Òótọ́ ni. Ibi okùn ló ti ń tò wọ́n, ibẹ̀ ló ti ń sọ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun rójú wọn. Kò jókòó níwájú rí láyé rẹ̀. Nínú gbogbo ohun tó fi ìka kà, kò ka òǹwòran, torí ẹ̀yìn kọ́tìnnì ni òǹwòran máa ń wà fún un. Ojú tì í. Ó ní ó jọ pé ọ̀gá jàre, kí ìṣirò máa gba wákàtí rẹ̀. Ìyá mi ní kó jẹun, kó sì wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ òun.

Iwájú ló ti kọ́ wọn láti ìgbà náà. Ṣùgbọ́n bó bá ti padà sídìí okùn báyìí, ọrùn méjèèjìlá á tún yí sí i. Ẹlòmíràn ló gbọ́dọ̀ fa kọ́tìnnì. Ó rò ó títí, ló bá lọ bẹ ọ̀gá fúnra rẹ̀ pé kó wá fà á, torí obìnrin náà nìkan ni kò sí ọmọ tó máa fẹ́ wò lójú.

Lọ́jọ́ eré náà, gbọ̀ngàn kún. Bàbá mi wà láàárín èmi àti ìyá mi. Ọ̀gá fa kọ́tìnnì wọ́gọwọ̀gọ, bàbá mi pòṣé. Lẹ́yìn náà ni ojú méjìlá kọ sí wa. Nígbà tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò wọ̀yá ìjà lórí agboòrùn, ẹ̀rín gba gbogbo ilé. Bàbá mi yíjú padà, ó ń wo àwọn tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn wa, omi sì ti lé sí i lójú.

“Ṣé báyìí ni wọ́n máa ń pọ̀ tó lọ́dọọdún?” ó bi ìyá mi.

“Báyìí náà ni. Àga ẹ̀gbẹ́ mi nìkan ló máa ń ṣófo.”

Bàbá mi di ọwọ́ ìyá mi mú. Nígbà tí eré parí, àwọn òbí dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá yọjú láti ẹ̀gbẹ́ ìtàgé, okùn lọ́wọ́, ó ṣì ń rẹ́rìn-ín. Ó kéde pé wákàtí eré kò lọ síbì kankan. Ó wá bi bàbá mi bóyá kí òun ti kọ́tìnnì.

“Ẹ má tíì tì í, mà,” bàbá mi ní. “Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó ni.”