Bẹ́ẹ̀dì Tí Káfíńtà Kò Gé

Ọgbọ̀n ọdún ni káfíńtà àdúgbò wa ti ń kan bẹ́ẹ̀dì fún tọkọtaya, kò sì sí èyí tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láìgba àdúrà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá arúgbó kan pè é wá sí yàrá rẹ̀.

"Ẹ bá mi gé bẹ́ẹ̀dì yìí sí méjì, kí èmi àti ọkọ mi lè máa sùn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ó ń dún, ọmọ mi obìnrin sì ti gbọ́. Ó ní, 'Màámi, ẹ̀yin àti Dádì ṣì ń ṣe é ni?'"

"Ṣé Bàbá ló ní kí n gé e?"

"Wọn ò tilẹ̀ mọ̀."

"Àbí kò dùn mọ́ yín mọ́?"

Ìyá dorí kodò. "Ó ń dùn. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Ṣé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ lọ́jọ́ orí mi?"

Káfíńtà gbé ayùn sílẹ̀. "Ẹ̀yin ìyá yìí náà! Ẹni tó dá ara ló fi adùn sínú ìgbéyàwó, ó sì rí i pé ó dára. Ibo lẹ ti rí ọjọ́ tó dá pé kó parí?"

Ó tú àwọn súkúrù, ó fi awọ há oríkèé igi kó má baà dún mọ́, ó sì dè wọ́n padà.

"Kí ni kí n wá sọ fún ọmọ?"

"Ẹ ní kó lọ fẹ́ ọkọ."

Ìyá rẹ́rìn-ín títí, ó sì jókòó gbì sórí bẹ́ẹ̀dì náà. "Káfíńtà, igun tìhín ṣì ń dún díẹ̀. Ẹ bá mi dè é le sí i."